Ẹ Má Tètè Dá RAM Lẹ́bi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sango àti ní Ọ̀tà, ìlú Àwórì, mo mọ̀ pé àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bọ̀ láti Covenant University àti Bells lójú ọ̀nà Ìdíìrókò kì í jẹ́ kí ẹ sinmi; ṣùgbọ́n kí ẹ tó wí fún ẹnikẹ́ni nínú wọn pé RAM rẹ̀ ti kú, ẹ rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Robert Dennard ti ilé-iṣẹ́ IBM ni ó ronú kan irú RAM tí à ń lò lónìí, tí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1968. Trànsísítọ̀ kan àti kapásítọ̀ kan péré ni ó ń di bíìtì kan mú. Iná inú kapásítọ̀ náà a sì máa jò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ tún ìlà kọ̀ọ̀kan kọ kí ìdá 64 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó kọjá. Nítorí náà, bí iná bá lọ lójijì, tí iṣẹ́ tí oníbàárà kò tíì fi pamọ́ sínú dísìkì sì ṣègbé, RAM kò ṣẹ̀. Bí a ti dá a nìyẹn.

Ní ti ètò rẹ̀, bíìtì 8 ni báìtì kan, báìtì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà àdírẹ́sì tirẹ̀. Bí ojú kan tàbí ojú méjì ní ipò mẹ́jọ ti ń fún babaláwo ní Odù 256, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òdo àti oókan ń fún báìtì ní àrà 256. Àdírẹ́sì oníbíìtì 32 kò lè ju báìtì 4,294,967,296 lọ, èyí tí à ń pè ní GB 4; bí ẹ bá wá ta GB 8 fún ẹni tí ń lo Windows oníbíìtì 32, owó olówó ni ẹ fi ṣòfò.

Nígbà iṣẹ́, ẹ yọ wáyà iná àti bátìrì, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó mú RAM, pàápàá lákòókò ọyẹ́, nígbà tí iná àìrí máa ń pọ̀ lára ènìyàn. Fọ́ltì 1.5 ni RAM irú DDR3 ń lò, 1.2 ni DDR4, ibi tí a gé lára wọn kò sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá kọ̀ láti wọlé, ẹ má tì í, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ẹ nu ojú wúrà rẹ̀ mọ́, ẹ dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ ihò wọn, kí ẹ sì fi ètò àyẹ̀wò Memtest86 yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Bí àṣìṣe bá ń tẹ̀lé RAM kan láti ihò dé ihò, RAM náà ni ó bàjẹ́; bí ó bá dúró sí ihò kan ṣoṣo, ihò ni kí ẹ tún ṣe.

Bí ẹ bá sì pààrọ̀ RAM fún ènìyàn, ẹ fi àyẹ̀wò hàn án, kí ẹ dá èyí àtijọ́ padà sí i lọ́wọ́, torí ohun ìní rẹ̀ ni.