Bí àgbàrá bá wọ ṣọ́ọ̀bù: Ohun tí oníṣòwò yóò ṣe kí owó adójútòfò má baà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje, ọdún 2011 kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ará Èkó. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú náà, àgbàrá gba títì, ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀mí sì bá a lọ. Títí dòní, bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, àyà àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí gọ́tà àti kánààlì ní Súrùlérè, Yábà àti Mùṣin kì í balẹ̀.

Àwọn oníṣòwò kan wà tí wọ́n ti ra ìwé adójútòfò, tí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọjọ́ tí omi bá ba ọjà jẹ́ ni wọ́n tó ń gbọ́ pé owó kò sí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò fẹ́ rẹ́ni jẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ìwé tí oníṣòwò kò kà ni wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ irú omi tí ìwé náà dá lé. Ìwé tó dá lórí iná nìkan kò kan omíyalé. Èyí tí wọ́n ń pè ní Fire and Special Perils ló máa ń fi ìjì, omíyalé àti páìpù tó bẹ́ kún un, síbẹ̀ ó yẹ kí oníṣòwò fi ojú ara rẹ̀ rí wọn nínú ìwé tirẹ̀. Omi tó wọlé láti títì yàtọ̀ sí ti páìpù tó bẹ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òrùlé tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan ń kọ́? Àtúnṣe ilé ni wọ́n ń ka ìyẹn sí, wọn kì í sábà sanwó lé e.

Ìkejì, ìwé tí lánlọ́ọ̀dù ní, ilé rẹ̀ ló wà fún. Kò kan aṣọ, ìrẹsì tàbí fíríìsà ayálégbé tó ń tajà nísàlẹ̀. Bí onílé fúnra rẹ̀ bá ń tajà nínú ilé tó ń gbé, kó sọ fún ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹrù ilé ọ̀tọ̀, ọjà títà ọ̀tọ̀.

Ìkẹta, owó gbọ́dọ̀ wọlé kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti ń fọwọ́ líle mú ìlànà yìí. Ẹni tó ní òun yóò san tó bá dìgbà díẹ̀ kò tíì ní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ìkẹrin, kí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó ọjà tó wà nílẹ̀. Ká ní ọjà ₦4,000,000 ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí oníṣòwò kọ ₦2,000,000 kí owó tó ń san lè kéré. Bí omi bá ba ọjà ₦1,000,000 jẹ́, ìdajì rẹ̀, ₦500,000, ni wọn yóò san. Wọ́n tún lè yọ iye tí ìwé sọ pé oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi ara gbá nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí omi bá dé, kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná mànàmáná, bí ibi tí wọ́n ti ń pa á kò bá sí nínú omi. Kí wọ́n gbé èyí tí omi kò tíì dé sókè, nítorí ẹni tó káwọ́ gbera títí ọjà fi bàjẹ́ tán lè pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí wọ́n ya fọ́tò kí wọ́n tó gbá omi jáde, kí wọ́n sì fi tó ilé-iṣẹ́ náà tàbí burókà létí lọ́jọ́ náà gan-an, lórí fóònù àti nínú lẹ́tà. Kí ẹnikẹ́ni má da ọjà tó bàjẹ́ nù títí ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá díwọ̀n àdánù yóò fi rí i. Bí ó bá ti ń rùn, kí wọ́n gba àṣẹ kí wọ́n tó kó o dànù.

Rìsíìtì, ìwé àkọsílẹ̀ ọjà àti ìwé báńkì ni ẹ̀rí. Omi kì í sì í yọ ìwé sílẹ̀, nítorí náà kí ẹ̀dà wọn wà níbòmíràn yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí oníṣòwò má sì bù mọ́ àdánù rẹ̀: irọ́ kan ṣoṣo lè ba gbogbo ẹ̀tọ́ jẹ́.

Bí wọ́n bá gbé discharge voucher wá, kó kà á dáadáa kó tó buwọ́ lù ú, nítorí ó túmọ̀ sí pé ó ti gbà pé iye náà tó. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń fi dónìí-dọ́la, kó kọ lẹ́tà sí wọn, kó tọ́jú ẹ̀dà, kó sì gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ NAICOM.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, ló yẹ kí oníṣòwò tú ìwé adójútòfò rẹ̀ wò.