Ẹgbẹ́, Agboolé àti Ọjọ́ Ọjà: Ìperí Díẹ̀ fún Áljẹ́brà Afòyemọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ áljẹ́brà afòyemọ̀ ní ìpele oyè kejì, kì í sábà kọsẹ̀ lórí ìṣirò. Orí ìperí ni ó ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí van der Waerden ti gbé e kalẹ̀ nínú Moderne Algebra ní 1930, láti inú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Emmy Noether àti Emil Artin, kì í bèèrè ohun tí nǹkan jẹ́; bí àwọn nǹkan ṣe ń bára wọn lò ni ó ń bèèrè. Ìperí tí ó bá tẹ̀lé ìrísí yóò ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Ẹgbẹ́ ni ó yẹ ohun tí Galois, ẹni tí ó kú ní 1832, pè ní groupe. Àkójọ lásán kò tó. Àkójọ ni èrò ọjà, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó so wọ́n pọ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé bí a bá so ọmọ ẹgbẹ́ méjì pọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ náà ni a óò rí. Bí a bá so mẹ́ta pọ̀, ibi yòówù tí a fi àkámọ́ sí, èsì kò yàtọ̀. Ọmọ kan wà tí kì í yí ẹlòmíràn padà, ìyẹn aláìyínipadà. Olúkúlùkù sì ní adánipadà tirẹ̀, tí ń mú un padà sọ́dọ̀ aláìyínipadà yìí. Ẹ kíyè sí ‘ni’ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá yọ ọ́, aláìyípadà ni ó kù, ìyẹn ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kì í yí padà, èyí kò sì jẹ́ òótọ́.

Àwọn olùtumọ̀ kan lè fẹ́ pe ọmọ yìí ní òdo. Kíka ọjọ́ ọjà fi hàn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú ìkà Yorùbá, òní ni ení. Nítorí náà ni a ṣe ń pe ọjà tí ń padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ní ti ọrún. Ọrún kan tẹ̀ lé ọrún mìíràn, ìsán ni, kì í ṣe ẹ̀wá. Ìsán méjì sì di ìtàdógún. Òfin ìsopọ̀ rẹ̀ ni pé kí a ro nọ́ńbà méjì pọ̀, kí a yọ 1 kúrò: 5 + 5 − 1 = 9; 9 + 9 − 1 = 17. Ẹgbẹ́ gidi ni èyí lórí gbogbo nọ́ńbà odindi. Aláìyínipadà rẹ̀ ni 1, kì í ṣe òdo. Adánipadà 5 sì ni −3. Òun àti ẹgbẹ́ ìròpọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, aṣọ ni ó yàtọ̀.

Ibi tí ó le jù ni ibi tí a ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú odindi àkójọ kan bí ẹyọ ọmọ ẹgbẹ́. Èdè wa ti ṣe èyí tipẹ́. ‘Ọjọ́ Ògún’ kì í ṣe ọjọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ọjọ́ tí ó bá bọ́ sí ipò náà nínú ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni. Nínú ẹgbẹ́ òkè yìí, 1, 5, 9, 13, 17 àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jẹ́ ẹgbẹ́-inú-ẹgbẹ́, ó sì pín gbogbo rẹ̀ sí agboolé mẹ́rin. Ìperí yìí dára, nítorí kò sí ẹni tí ń gbé agboolé méjì. Bí a bá so 2 mọ́ 3, a rí 4. Bí a bá fi 6 àti 11 rọ́pò wọn láti agboolé kan náà, a rí 16, agboolé 4 náà sì ni. Nítorí pé ẹni yòówù tí a bá rán wá kò yí èsì padà ni a fi lè so agboolé mọ́ agboolé, kí àwọn fúnra wọn di ẹgbẹ́ ọlọ́mọ mẹ́rin.

Ọjà kò lè kọ́ni pé kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́-inú-ẹgbẹ́ ni ó gba èyí, nítorí nínú ìkà ọjọ́, èyí tí ó ṣáájú kò já mọ́ nǹkan. Kí olùkọ́ to agolo mẹ́ta sórí tábìlì. Ọ̀nà 6 ni a lè gbà tún wọn tò. Bí a bá pààrọ̀ ipò kìn-ín-ní àti ìkejì, kí a tó pààrọ̀ ìkejì àti ìkẹta, èsì yàtọ̀ sí ti ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́-inú-ẹgbẹ́ ọlọ́mọ 2 tí pípààrọ̀ ipò kìn-ín-ní àti ìkejì dá sílẹ̀ ní agboolé ọ̀tún tí kò bá ti òsì mu. Ìdí nìyí tí ‘alápádọ́gba’ fi sàn ju ‘bí-ó-ti-yẹ’ fún irú èyí tí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ bára mu.