Ibi tí heat pump bá dúró sí ló ń sọ iye owó iná tí olótẹ́ẹ̀lì yóò san

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tàbí tí òjò bá ń rọ̀ lemọ́lemọ́ ní oṣù keje, àwọn tó ní òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àlejò yóò dé etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, yóò ki ẹsẹ̀ kan bọ omi, yóò sì tètè fà á yọ. Omi ti tutù jù. Bẹ́ẹ̀, owó chlorine, owó ẹni tó ń tọ́jú omi àti owó iná pọ́ǹpù kò dín kù. Wàhálà náà tún le jù fún ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí ara ọmọdé tètè máa ń tutù. Omi tí ooru rẹ̀ tó 30 sí 32 lórí ìwọ̀n Celsius ló bá wọn lára mu, nígbà tí 25 sí 28 tó fún àwọn tó ń díje.

Ìdí nìyí tí àwọn olówò kan fi ń ra heat pump. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ amúlétutù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ amúlétutù máa ń kó ooru inú yàrá dà síta. Heat pump ń kó ooru inú afẹ́fẹ́ ìta, ó sì ń dà á sínú omi. Fáànù rẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ kọjá lára páìpù tí gáàsì wà nínú rẹ̀. Gáàsì náà yóò gba ooru, compressor yóò fún un pọ̀ kó lè gbóná sí i, yóò wá gbé ooru náà fún omi. Afẹ́fẹ́ tútù ni fáànù ń fẹ́ jáde níwájú.

Èrè rẹ̀ hàn nínú ìṣirò. Adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 5, tó sì jìn ní mítà 1.4, ń gba omi lítà 70,000. Láti gbé omi yìí láti 25 dé 28, ooru tó tó nǹkan bíi yúníìtì 244 ni yóò gbà. Bó bá jẹ́ irin tí iná ń mú gbóná ni wọ́n lò, gbogbo yúníìtì 244 ni mítà iná yóò kà. Ṣùgbọ́n níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, yúníìtì kan lè mú bíi márùn-ún wá nínú heat pump, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 49 péré. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ 200 náírà, 9,800 náírà ni dípò 48,800. Iye tó wà lórí ìwé iná tirẹ̀ ni kí olówò kọ̀ọ̀kan fi ṣe ìṣirò, nítorí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, 225 náírà ni wọ́n gbé yúníìtì àwọn tó wà ní Band A dé.

Ìṣirò yìí yóò dàrú bí ẹ̀rọ náà bá wà níbi tí kò yẹ.

Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ríbi gbà

Nítorí olè, ọ̀pọ̀ ló máa ń fẹ́ kọ́ yàrá kékeré fún un, tàbí kí wọ́n gbé e sínú ilé jẹnẹrétọ̀. Kò dára. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń jáde kò ní ríbi lọ, yóò padà sẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà yóò sì máa fa afẹ́fẹ́ tí ooru rẹ̀ ti tán. Mítà iná yóò máa sáré, omi kò ní gbóná. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà yóò tún máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìta gbangba ni ipò rẹ̀. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá ni yóò sọ àyè tó yẹ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè bíi ìdajì mítà lẹ́yìn, àti mítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú fáànù. Irin tí àlàfo wà láàárín wọn tó fún olè, bí kò bá sún mọ́ ojú fáànù.

Ilẹ̀ àti ohun tó ń jẹ irin

Orí kọnkéré tó tẹ́jú, tó sì ga kúrò nílẹ̀ kí àgbàrá má bàa dé ibẹ̀, ni kó dúró sí, kí rọ́bà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má bàa máa gbọ̀n. Kò yẹ kó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá àlejò, nítorí ariwo. Kí wọ́n má gbé e sítòsí ibi tí wọ́n ń kó chlorine àti ásíìdì sí, nítorí atẹ́gùn wọn ń jẹ irin. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun náà ń jẹ ẹ́. Àwọn tó wà ní etíkun Lẹ́kí tàbí Badagry gbọ́dọ̀ máa fi omi tó mọ́ fọ ara rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ bá ṣe sọ.

Omi yóò máa kán lábẹ́ rẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ amúlétutù. Kí olówò tó pariwo pé páìpù ń jò, kó gbọn díẹ̀ nínú omi náà, kó fi ohun tí wọ́n fi ń yẹ chlorine wò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí chlorine bá wà níbẹ̀, omi adágún ló ń jò. Bí kò bá sí, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán ni.

Páìpù àti iná

Lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi ni heat pump máa ń wà, ṣáájú ibi tí chlorine ti ń wọlé, kí chlorine líle má bàa ba inú rẹ̀ jẹ́. Omi àti iná kì í sì í ṣọ̀rẹ́: kí ẹ̀rọ náà jìnnà sí etí omi tó mítà 3.5, kí wáyà rẹ̀ dá wá láti bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú wáyà earth àti bírékà tí wọ́n kọ 30 mA sí lára, tó ń yára já iná kí ó tó pa èèyàn. Oníṣẹ́ iná tó kọ́ṣẹ́ ni kó ṣe é. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ yóò rí i pé èyí tó jẹ́ inverter kì í fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń dìde.

Ọ̀sán, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbóná jù, ló dára láti máa lò ó. Lálẹ́, kí wọ́n fi ìbòrí bo adágún, nítorí ojú omi tó ṣí sílẹ̀ ni ooru púpọ̀ ń gbà sá lọ. Ìbòrí yìí ló yẹ kí olówò tilẹ̀ kọ́kọ́ rà, nítorí ẹlòmíì lè má nílò ẹ̀rọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Kí olówò tó san ìyókù owó iṣẹ́, kó jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níṣojú rẹ̀, kí wọ́n wọn ooru omi tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí èyí tó ń jáde kò bá gbóná ju èyí tó ń wọlé lọ, iṣẹ́ kò tíì parí.