Nígbà tí Àmì Ohùn Kò Hàn: Ẹ̀kọ́ lórí Agbègbè Àtúnkùn nínú Àpótí Ìkọ̀wé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹni tó bá ti da ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ ní Kétu tàbí Àjàṣẹ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà mọ̀ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, ohùn nìkan ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ètò tí a fi ń tẹ̀wé kò bá fi àmì náà hàn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan lójú wa. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tó ń tẹ̀wé á rò pé òun kò tẹ àmì náà, á sì tún un tẹ̀. Àmì méjì á wà lórí fáwẹ̀lì kan nínú fáìlì, bí a bá sì wá ọ̀rọ̀ náà lọ́la, a kò ní í rí i.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń dá fọ́ǹtì lẹ́bi. Nígbà mìíràn fọ́ǹtì ló jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ètò tí a fi ọwọ́ ara wa kọ, ọ̀nà tí a gbà kun ojú àpótí ìkọ̀wé ló sábà máa ń fà á. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

1. Ta ló ń kùn ún?

Bọ́tìnnì, àpótí ìkọ̀wé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí à ń rí nínú fèrèsé ètò ni àwọn aṣètò ń pè ní widget. Àwọn tó wà nínú Qt tàbí Swing tẹ́lẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kun ara wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ àpótí tí yóò ya ìlà ohùn sókè sílébù kọ̀ọ̀kan, àfi kí a kọ iṣẹ́ ìkùn náà fúnra wa. Nínú Qt, paintEvent ni a ó kọ. Nínú Swing, paintComponent. Nínú Windows gan-an, a ó dáhùn ìfiránṣẹ́ WM_PAINT.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé a kì í kùn nígbà tó bá wù wá. Bí ẹnìkan bá tẹ lẹ́tà, a ó yí ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìrántí ètò padà, lẹ́yìn náà a ó kéde pé ibi báyìí ti yí padà, ó ń fẹ́ àtúnkùn. Update la fi ń kéde nínú Qt, repaint nínú Swing, InvalidateRect nínú Windows. Ètò á kó ìkéde wọ̀nyí jọ: bí a bá pe update ní ìgbà 10 léraléra, ìkùn kan ṣoṣo ló máa ń tẹ̀lé e.

Ẹ kíyè sí i pé Qt náà ní repaint, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń kùn lójú ẹsẹ̀, kì í kó ìkéde jọ. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka-èdè méjì jọ ń lò tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bára mu.

2. Kí ni agbègbè àtúnkùn?

Bí ọmọdé bá fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ kan ògiri, a kì í torí ẹ̀ kun gbogbo ilé. Ibi tó dọ̀tí la ń kùn. Agbègbè àtúnkùn ni ibi tí a kéde pé ó dọ̀tí. Bí iṣẹ́ ìkùn wa bá tilẹ̀ fẹ́ ya nǹkan kọjá ibẹ̀, ètò á gé e kù, kò ní í hàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Àpótí tó fẹ̀ ní píksẹ́ẹ̀lì 800, tó ga ní 600, ní píksẹ́ẹ̀lì 480,000. Ibi tí lẹ́tà kan gbà lè jẹ́ 12 lọ́nà 24, ìyẹn 288. Bí lẹ́tà méjì bá yí padà, ọ̀kan ní igun òkè lápá òsì, ìkejì ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, 576 péré ló dọ̀tí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àpótí onígun mẹ́rin kan ṣoṣo yí méjèèjì ká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú àpótí náà. Ìdí nìyí tí ìfiránṣẹ́ ìkùn Qt fi ní rect àti region: rect ni àpótí ńlá tó yí gbogbo rẹ̀ ká, region sì ni àwọn ibi tó dọ̀tí gan-an.

3. Níbo ni Yorùbá ti ń dá a rú?

Nínú Unicode, ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. A lè kọ ọ́ pẹ̀lú méjì: ẹ (U+1EB9) àti àmì ohùn òkè (U+0301). A sì lè kọ ọ́ pẹ̀lú mẹ́ta: e, àmì abẹ́ (U+0323), àmì ohùn òkè. Ẹni tó ń lo álífábẹ́ẹ̀tì Bẹ̀nẹ̀ kò bọ́ nínú rẹ̀: ɛ́ náà jẹ́ kóòdù méjì, U+025B àti U+0301.

Aṣètò tó mọ lẹ́tà Faransé nìkan á ronú báyìí: kóòdù tuntun wọlé, nítorí náà kí a kéde láti ibi tí kọ́sọ̀ wà tẹ́lẹ̀ dé ibi tó wà báyìí. Fún a tàbí b, ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àmì ohùn kì í ti kọ́sọ̀ síwájú, orí fáwẹ̀lì tó ṣáájú ló ń jókòó sí. Fífẹ̀ agbègbè tí a kéde wá di òdo. Àmì náà ti wà nínú fáìlì, ojú ẹ̀rọ kò mọ̀. Bí a bá fa fèrèsé gbòòrò, gbogbo rẹ̀ á tún kùn, àmì á wá yọ lójijì.

Gíga náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá fi gíga E wọn ìlà, àmì orí Ẹ́ á gé lókè, àmì abẹ́ rẹ̀ á sì gé nísàlẹ̀.

4. Ọ̀nà àbáyọ

(a) Ẹ má fi kóòdù ṣe òṣùwọ̀n, lẹ́tà odindi ni kí ẹ fi ṣe é: fáwẹ̀lì pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. QTextBoundaryFinder nínú Qt àti BreakIterator nínú Java ń fi ààlà rẹ̀ hàn wá.
(b) Bí àmì bá wọlé, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Ẹ kéde ibi tó gbà tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ ibi tó gbà báyìí, kí ẹ sì fi píksẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì lé e ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.
(d) Ẹ má ya àmì lóun nìkan. Ẹ ya gbogbo ìlà, kí ètò fúnra rẹ̀ gé èyí tí kò sí nínú agbègbè kù. Fọ́ǹtì ní láti rí fáwẹ̀lì kó tó mọ ibi tí yóò gbé àmì sí.
(e) Bí ìṣirò bá le, ẹ kéde ìlà náà látòkè délẹ̀. Píksẹ́ẹ̀lì 19,200 ni nínú àpẹẹrẹ wa, ìdá kan nínú 25. Ó sàn ju kí ohùn sọnù lọ.

5. Iṣẹ́ ṣíṣe

Ìkínní: kóòdù mélòó ló wà nínú ọ̀rẹ́? Lẹ́tà odindi mélòó? (Ìdáhùn: kóòdù 5 tàbí 7, bí a bá ti kọ ọ́, lẹ́tà 3.)

Ìkejì: nínú iṣẹ́ ìkùn yín, ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀ tó ń yí padà nígbà kọ̀ọ̀kan kun agbègbè àtúnkùn, kí ẹ tó ya ọ̀rọ̀ lé e. Ẹ wá tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ibi tí àwọ̀ bá ti yí padà ni ètò yín gbà pé ó dọ̀tí. Bí ẹ bá tẹ àmì ohùn tí àwọ̀ abẹ́ fáwẹ̀lì kò yí padà, ẹ ti rí ibi tí àṣìṣe wà.