Ọ̀rá Tuntun Tí Ń Jẹrà àti Gọ́tà Wa

Láti ìgbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí àwọn olóúnjẹ fi ń bu ìrẹsì, ní oṣù kìíní ọdún 2024, ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá láílọ́ọ̀nù tuntun lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí ìrèké ni a fi ń ṣe é, kì í ṣe epo rọ̀bì. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Bódìjà a máa bèèrè iye rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó wọ́n ju ọ̀rá dúdú lọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn ọ̀dọ́ Agbowó fẹ́ràn rẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n ní yóò jẹrà fúnra rẹ̀, nítorí náà ibi tí ó bá wu ènìyàn ni kí ó jù ú sí. Èrò kejì yìí ni ó bà mí lẹ́rù ju ti owó lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni àìsàn wà.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a fi àgbàdo ṣe ni ń tètè rà. Èyí tí a fi ń ṣe ife tí ó mọ́ gaara bí gíláàsì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PLA, ń fẹ́ ooru tó nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n Celsius, pẹ̀lú ọ̀rinrin, kí ó tó lè rà dáadáa. Irú ooru bẹ́ẹ̀ wà nínú òkìtì ajílẹ̀ ńlá tí a ń tọ́jú. Kò sí nínú gọ́tà Ring Road. Ní ọdún 2019 àwọn onímọ̀ Yunifásítì Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí ojú wọn rí. Àpò tí a kọ sí lára pé yóò jẹrà lo ọdún mẹ́ta nínú ilẹ̀, ó sì tún lè ru ọjà! Òmíràn tí a ṣe fún ajílẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn oṣù 27, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lágbára àti ru ẹrù mọ́.

Ẹ̀fọn kò lè dúró de ọ̀rá. Bí omi bá dúró nínú gọ́tà tí ó dí, bí ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ẹyin rẹ̀ fi ń di èyí tí ń fò wọ yàrá. Àgbàrá kò dúró pẹ̀lú. Ẹ rántí Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, àti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ kú ní ìlú yìí. Ìdọ̀tí tí ó dí ojú omi wà lára ohun tí ó fà á. Bẹ́ẹ̀ ni irú omi yìí ń kó ẹ̀gbin ṣáláńgá wọ inú kànga, tí onígbáméjì fi ń wọlé.

Èmi kò ní kí ẹ má ra ọ̀rá tuntun. Ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá inú ajílẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń rà, tàbí inú òkìtì ńlá tí a ń mú gbóná. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kà á sí ọ̀rá lásán, kí ẹ sì kó o fún akólẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá kankan dáná èédú nídìí ìkòkò. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé.

Ní ti mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ gbígbóná, ewé eéran ṣì wà lọ́jà. Kò bèèrè òkìtì gbígbóná kí ó tó rà. Ẹ fi omi mímọ́ fọ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi pọ́n ọn, nítorí ilẹ̀ ọjà ni ó ti sùn mọ́jú.