Àṣàrò Òwúrọ̀: Ilẹ̀kùn Ìgbín

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

*Ibi kíkà:* Jóòbù 12:7-10, Sáàmù 104:10-30

Jóòbù sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹranko lè kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́, bí èèyàn bá lè bi í léèrè. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn láìmọye ìgbà. Ọmọ ọdún méje kan ló jẹ́ kó yé mi.

Inú oṣù Kejì ni, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Ọmọ yìí gbé ìgbín kan wá sí kíláàsì wa ní ọjọ́ Ìsinmi. Abẹ́ ewé kòkó gbígbẹ ló ti rí i. Nǹkan funfun kan bí bébà ti dí ẹnu ìkarawun rẹ̀ pa. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ti kú ni?" Ìtàn Nóà là ń kọ́ lọ́jọ́ náà, àkókò sì ti ń lọ. Mo ní, "Gbé e síta jàre, jẹ́ ká gbájú mọ́ ẹ̀kọ́ wa."

Ó gbé e síta. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn dákẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti kọ́ ọmọdé rí, ẹ mọ̀ pé irú ìdákẹ́ yẹn burú ju ariwo lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí a sì parí ìsìn, ó wá fa aṣọ mi. "Àǹtí, ẹ wá wò ó." Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ti tọ́jú ìgbín náà sí, lábẹ́ òkúta. Ìgbín ti ṣílẹ̀kùn, ó ti yọ ìwo, ó ń lọ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tútù. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ kìíní ni ẹ̀kọ́ yẹn ti wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Èmi ni mi ò jẹ́ ká wò ó.

*1. Ara ẹ̀dá máa ń bá ibùgbé rẹ̀ mu.*

Omi ló pọ̀ jù nínú ara ìgbín. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, ó lè gbẹ kó kú. Nítorí náà, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wọnú ìkarawun rẹ̀ lọ, á fi ikun ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Ikun náà á gbẹ, á di ilẹ̀kùn. Kò ní jẹun, kò ní rìn, agbára díẹ̀ ni ara rẹ̀ á máa ná. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan títí òjò á fi dé.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí i. Ẹ rẹ àkísà méjì sínú omi. Ẹ sá ọ̀kan sóòrùn. Ẹ ká èkejì sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ sì fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Èyí tó wà nínú láílọ́ọ̀nù á ṣì tutù. Ẹ wá bi wọ́n pé, "Èwo ló ṣe bí ìgbín?" Wọn ò ní gbàgbé láéláé.

Bákan náà ni ràkúnmí. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n sọ fún pé omi ló wà nínú iké ẹ̀yìn rẹ̀. Rárá o, ọ̀rá ni. Bí kò bá rí oúnjẹ, ọ̀rá yẹn ni ara rẹ̀ máa ń lò. Ihò imú rẹ̀ ń pa dé nígbà tí yanrìn bá ń fẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ kó má baà rì.

*2. Ayé kì í dúró lójú kan.*

Aṣálẹ̀ Sàhárà tí ràkúnmí ń rìn yẹn, kì í ṣe aṣálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ohun tó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn, koríko àti adágún omi ló wà níbẹ̀. Ní Tassili n'Ajjer, ní orílẹ̀-èdè Algeria, àwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn ya erin, àgùnfọn, erinmi àti màlúù sára àpáta. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n yà. Bí ayé ṣe dojú kọ oòrùn máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìyẹn ló mú òjò lọ sí Sàhárà nígbà náà, òun náà ló sì mú un kúrò.

Nígbà tí omi gbẹ, ọ̀pọ̀ ẹranko ṣí lọ, ọ̀pọ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná! Ní Guelta d'Archei, láàárín àwọn àpáta Ennedi ní orílẹ̀-èdè Chad, ọ̀nì ṣì wà nínú omi kan tí aṣálẹ̀ yí ká. Àṣẹ́kù àwọn ọ̀nì ìgbà tí ilẹ̀ náà tutù ni wọ́n. Ràkúnmí ń wá mu omi níbẹ̀, ìgbẹ́ wọn ń bọ́ ewéko kéékèèké inú omi, ẹja ń jẹ ewéko náà, ọ̀nì ń jẹ ẹja. Ẹ ò rí iṣẹ́ Olúwa!

Bí ọmọ bá bi yín pé, "Ṣé ìgbín ló pinnu pé òun á máa ṣelẹ̀kùn?", ẹ má purọ́ fún un. Ẹranko kan kì í jókòó pinnu láti yí ara rẹ̀ padà. Láti ìran dé ìran, èyí tí ara rẹ̀ bá ibi tó wà mu ló máa ń yè, òun ló ń bímọ, ọmọ a sì jọ òbí rẹ̀. Ó ń gba àkókò gígùn. Sùúrù Ọlọ́run ni mo rí nínú rẹ̀, kò sì dẹ́rù bà mí.

*3. Ilẹ̀kùn ìgbín kò lè dá iná dúró.*

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá o. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ náà ni ẹ̀dá fi ń bá ayé yí. Ṣùgbọ́n ìkánjú ni tiwa. Ẹnì kan fẹ́ pa ọ̀yà kan, ó sọ iná sígbó. Láàárín wákàtí kan, iná ti jó gbogbo abẹ́ ewé. Ọ̀yà lè sá. Ìgbín ti tilẹ̀kùn, ó ń retí òjò. Ilẹ̀kùn tó bá ọyẹ́ mu kò bá iná mu.

Ọgbà ni Ọlọ́run fi Ádámù sí, ó ní kó máa ro ó, kó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tó bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn funfun yẹn kò ní lè sọ iná sígbó lójú lásán nígbà tó bá dàgbà. Ṣùgbọ́n bá a bá ní kó gbé ìbéèrè rẹ̀ síta, ta ló máa kọ́ ọ? Ọmọ náà pẹ̀lú lè tilẹ̀kùn mọ́ wa, kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni òjò ń ṣí.

Mo bẹ ọmọ yẹn níwájú gbogbo kíláàsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kò tọ́pẹ́, Àǹtí." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ọ̀kùn wá!

*Iṣẹ́ tòní:* Bí ọmọ kan bá bi yín ní ìbéèrè lónìí, ẹ dúró. Bẹ́ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé, "Jẹ́ ká jọ wò ó." Bẹ́ ẹ bá sì ní oko, ẹ ṣán an, ẹ má sun ún.

*Àdúrà:* Olúwa, Ìwọ tó fún ìgbín nílẹ̀kùn, dárí ìkánjú wa jì wá. Fún wa ní sùúrù fún àwọn ọmọ tí O fi sí wa lọ́wọ́, àti fún ilẹ̀ tí O fi wá sí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí òbí kan.