ÌFỌWỌ́SÍ: ÌTUMỌ̀ RẸ̀ ÀTI BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro lójú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ aṣèdánwò ni ó ń pàdánù máàkì nítorí rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

(a) Ìtumọ̀
Inú "fi ọwọ́ sí" ni a ti ṣẹ̀dá ìfọwọ́sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ kan gbà pé kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbọ́dọ̀ ti mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ sí i; ó ṣe é ni. A tún ń lò ó fún kíkọ orúkọ ẹni sí ìsàlẹ̀ ìwé: "Ọ̀gá fọwọ́ sí lẹ́tà náà."
Àkíyèsí: ọ̀rọ̀ méjì ni "fọwọ́ sí", ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni "ìfọwọ́sí".

(b) Àwọn tí wọ́n jọ ọ́
1. Yọ̀ǹda: láti fún ènìyàn láàyè. "Bàbá yọ̀ǹda fún mi láti lọ sí Ọjà'ba." Èyí kò gba ìwé.
2. Yàn: láti mú ẹnì kan láàrin ọ̀pọ̀.
3. Lọ́wọ́ sí: láti wà nínú ọ̀ràn, pàápàá èyí tí kò dára. "Ó lọ́wọ́ sí olè náà." Ẹ ṣọ́ra fún un!

(d) Àpẹẹrẹ ìpínrọ̀
Ní Ìbàdàn, ìlà méjì ni ó ń jẹ Olúbàdàn: ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun. Bí ọba tí ó ti ìlà kan wá bá wàjà, àgbà ìjòyè ìlà kejì ni ó kàn. Nígbà tí Ọba Lékàn Balógun, tí ó ti ìlà Ọ̀tún wá, wàjà ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, Olóyè Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ti ìlà Balógun ni ó kàn. Àwọn afọbajẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Gómìnà fọwọ́ sí i, a sì dé e ládé ní Gbọ̀ngàn Mápó ní ọjọ́ 12, oṣù Keje. Nígbà tí òun náà wàjà ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2025, ó kan Olóyè Ráṣídì Ládọjà. Olóyè yìí ti ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ rí, ó ti fọwọ́ sí ìwé àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀ ó dúró de ìfọwọ́sí gómìnà kí ó tó gun òkè Mápó lọ dé adé ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án.

(e) Àlàyé
Bí o bá kọ pé "Gómìnà yan Olúbàdàn," o ti gba iṣẹ́ afọbajẹ fún un, o sì ti sọ ọ̀pọ̀ ọdún tí ìjòyè fi ń gòkè ní ìpele ìpele di asán. Bí o bá kọ pé "Gómìnà lọ́wọ́ sí oyè náà," ẹni tí ó kà á yóò rò pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó yí ètò ìlú padà bẹ́ẹ̀.

(ẹ) Iṣẹ́ ṣíṣe
Fi fọwọ́ sí, lọ́wọ́ sí, yọ̀ǹda tàbí yàn dí àlàfo:
1. Kíláàsì wa ti ______ olórí. Ó ku kí ọ̀gá ilé-ìwé ______ i.
2. Ọlọ́pàá ní awakọ̀ náà ______ ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bẹẹrẹ.
3. Ìyá mi kò ______ fún mi láti sùn níta.